Ilà Tó Tẹ́ Pẹrẹsẹ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Adéjùwọ́n fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn èémí ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òòyì kọ́ ọ. Ọdún méjì gbáko ló ti ń fa oògùn ìnhélà sẹ́nu. Ikọ́ fée, ìyẹn asthma, ni dókítà àdúgbò wọn ní Lugbe pè é, ṣùgbọ́n oògùn kò ràn án. Kò lè gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì rẹ̀ mọ́ láìdúró sinmi.

Dókítà Ruqoyyah tó ṣe àyẹ̀wò náà tẹ́ bébà méjì síwájú Adéjùwọ́n àti Olúfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ wò ó, sà. Ilà èémí ẹni tí ara rẹ̀ le nìyí. Ó ta sókè ṣóńṣó, ó wá ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tiyín rèé."

Ilà tirẹ̀ gòkè díẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Nísàlẹ̀, níbi tí èémí ti ń wọlé, ó tẹ́ bákan náà, àfi bí àpótí.

"Kò jọ ikọ́ fée," ni dókítà wí. "Ó jọ pé nǹkan dí ọ̀nà èémí yín lókè, nínú ọ̀fun. Ẹ̀ ń mí sínú o, ẹ̀ ń mí síta o, ihò tó ti fún yẹn náà ló ń gbà. Ìwé yìí ò lè sọ ohun tó dí i. Kámẹ́rà la máa fi wò ó."

"Ìnhélà yẹn ńkọ́?" Olúfúnkẹ́ bi í.

"Kò lè ṣí ibẹ̀, mà."

Lọ́sẹ̀ kejì, kámẹ́rà fi hàn pé kókó ńlá kan ti dí gògóńgò rẹ̀. Àyẹ̀wò sọ pé jẹjẹrẹ ni, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀.

"Abẹ ò lè mú un kúrò mọ́, sà," ni Dókítà Ruqoyyah wí. "A lè lu ihò sí ọrùn yín kí ẹ lè máa mí. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ohùn yín lọ."

"Ṣé ihò náà á wò mí sàn?"

"Rárá, sà."

Olúfúnkẹ́ ló wa ọkọ̀ lọ sílé. Nígbà tí wọ́n dé inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, ó ní, "Bàbá Tiwá, a ó gbàdúrà."

"Ọdún méjì lórí ìnhélà, Fúnkẹ́," ni gbogbo ohun tó sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa fi lu ihò náà, ó pe ìyá rẹ̀ ní Ìjerò.

"Jùwọ́n, kí ló ṣe ohùn rẹ?"

"Ọ̀fìnkìn ni, Màámi."

Ìyá sọ ti òrùlé tó ń jò, ó sọ ti ẹ̀gbọ́n pásítọ̀ tó kú. Adéjùwọ́n ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Nígbà tó rẹ ìyá, ó ní, "Ẹ pẹ́ fún mi, Màámi."

Nígbà tó jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, èémí ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó la ẹnu láti sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, nǹkan kan ò jáde.

Ní Sunday, ìyá Adéjùwọ́n pè. Olúfúnkẹ́ gbé fóònù.

"Ó ń sùn, mà," ló sọ.

Adéjùwọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ìyàwó rẹ̀.