Góòlù Kan Ṣoṣo Kí Wọ́n Tó Pààrọ̀ Orúnkún Mi

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi gbá họ́kì orí yìnyín fún yunifásítì wa, n kò gbá góòlù kan. Ẹyọ kan! Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi mí sí. Kí n lé ènìyàn, kí n gbá ènìyàn mọ́ ògiri, èyí mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kí n fi igi gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ yẹn sínú àwọ̀n, rárá o. Verna lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Arlene Fehr, kápẹ́nì wa, ló sọ mí ní Òdo, àádọ́ta ọdún ló sì fi pè mí bẹ́ẹ̀. Níbi ìgbéyàwó mi, níwájú àlùfáà, ó ní, "Òdo, o mà rẹwà o!" Díẹ̀ ló kù kí n fi òdòdó ọwọ́ mi là á lórí.

Nígbà tí wọ́n wá ránṣẹ́ pè wá pé ẹgbẹ́ ti pé àádọ́ta ọdún, pé kí àwa àkọ́kọ́ wá bá àwọn ọmọ ìsinsìnyí gbá a, mo mọ ohun tí mò ń wá lọ. Ọjọ́ Túsìdeè ni dókítà fẹ́ pààrọ̀ orúnkún mi, ó sì ti sọ ọ́ kedere pé lẹ́yìn ìyẹn, bàtà onírin tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín ti di èèwọ̀ fún mi. Sátidé yẹn nìkan ló kù. Góòlù kan ṣoṣo ni mo fẹ́, ojú kì í ti àgbà láti sọ òótọ́.

Ẹ ò mọ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin mọ́kànlá ni wá. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń fún wa ní yìnyín, nígbà tí àwọn ọkùnrin ṣì ń hanrun. Inú yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí la ti ń múra. Jẹsí tí àwọn ọkùnrin ti lò gbó la wọ̀. Orúkọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Gordon ló wà lẹ́yìn tèmi, n ò sì mọ Gordon rí. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti bẹ́ǹṣì. Kóòsì àwọn ọkùnrin, baba onírunmú kan báyìí, ní obìnrin ò gbọdọ̀ fìdí kan bẹ́ǹṣì onílé, pé a óò ba oríire òun jẹ́. Bí wọ́n ṣe kó wa sórí bẹ́ǹṣì àlejò nìyẹn, nínú ilé ara wa! Fún ọdún mẹ́rin, ibẹ̀ la ń jókòó, ẹsẹ̀ mi sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju ọ̀nà ilé ìyá mi lọ.

Ní Sátidé yìí, wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n so òdòdó mọ́ bẹ́ǹṣì onílé, wọ́n ní àwa ìyá la ni ín. Àwọn ọmọ lọ jókòó sí ti àlejò.

"Òdo, ṣé o ti fi òróró pa orúnkún yẹn?" Arlene ló ń bi mí, bí a ṣe ń so okùn bàtà.

"Fi orúnkún mi sílẹ̀. Eyín tìrẹ ńkọ́? Àbí inú ife lo fi í sí?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jáde, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ogún ọdún. Kóòsì àwọn ọmọ náà, obìnrin tín-ínrín tí ẹnu rẹ̀ ta ju ata lọ, ń pariwo sí wọn, "Ẹni tó bá ṣàánú àwọn ìyá yìí, èmi àti ẹ̀ ní ìdájí Mọ́ńdè! Ogún ìyípo!"

Wọn ò ṣàánú wa lóòótọ́. Kí a tó mí, wọ́n ti gbá mẹ́rin wọlé. Nígbà tó di sáà kejì, èémí mi ti tán. Mo sọ orí kodò, mo ní kí ẹsẹ̀ mi máa mú mi lọ síbi bẹ́ǹṣì. Mo jókòó. Ẹnì kan fún mi lómi, mo mu ún. N ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa la dé àṣíborí. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ "Ẹ pààrọ̀!" Ẹni tó bá ti gbá họ́kì rí ò lè gbọ́ ìpè àtiwọlé yẹn kó jókòó. Mo fò bọ́ọ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Àfi bí rọ́bà ṣe yí wá sí ẹsẹ̀ mi! Kaylin Desjarlais, ọmọ tó ń ṣọ́lé fún wọn, ń wò mí, kò tilẹ̀ mira. Mo gbá a. Ó wọlé! Mo na ọwọ́ sókè, mo ké bí ẹni pé iná jó mi.

Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Rẹfirí rọra wá bá mi. "Màmá, bẹ́ǹṣì ta lẹ ti jáde wá?"

Mo wo ẹ̀yìn. Yéè! Òdòdó wà lódìkejì.

"Ẹsẹ̀ mi ló mú mi lọ," mo ní.

"Àwọn tiyín ti fi ẹlòmíràn rọ́pò yín. Ẹ ti di mẹ́fà, márùn-ún ló yẹ kó wà láìka aṣọ́lé. Góòlù yẹn ò kà. Ìṣẹ́jú méjì nínú àhámọ́."

"Àhámọ́ kẹ̀? Ṣé mo pààyàn ni?"

Arlene rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi já bọ́ sórí yìnyín. "Òdo! Òdo náà ni ọ́!" Kaylin pàápàá di àwọ̀n mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àhámọ́ ẹ̀gbẹ́ yìnyín mọ́ mi, omi bọ́ lójú mi. Orúnkún mi ti wú. Mo ní ó ti parí nìyẹn.

Àwọn ọmọ náà rí i pé a ti dín kan, wọ́n ya bo iwájú ilé wa, àtẹni tó yẹ kó dúró lẹ́yìn. Ọmọdé orí yìnyín mọ̀ pé bí ìṣẹ́jú méjì bá ti ń tán, ojú ẹni gbọ́dọ̀ wà lára ilẹ̀kùn àhámọ́. Ta ló máa wá bẹ̀rù ìyá arúgbó? Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí báyìí ni Arlene fi gbogbo agbára gbá rọ́bà náà jáde. Ó yọ̀ wá sí àárín gbùngbùn. Kò sí ẹnì kan níwájú mi àfi Kaylin.

"Sáré, Òdo! Sáré!"

Mo sáré. Orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, irin bàtà wọn sì ń ha yìnyín bọ̀ lẹ́yìn mi. Kaylin jáde wá pàdé mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo gbé igi sókè bí ẹni fẹ́ gbá a sókè, ojú rẹ̀ bá a lọ. Mo wá ti rọ́bà náà gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò yára rárá. Ó kan bàtà rẹ̀, ó kan òpó, ó rọra wọlé.

Àwọn ìyá mẹ́fà ló dà lé mi lórí. "Orúnkún mi o! Ẹ rọra!" Lábẹ́ wọn níbẹ̀, ẹ̀rù bà mí lójijì: tó bá jẹ́ pé ọmọ yẹn ṣàánú mi ńkọ́?

Gbàù! Mo na ọrùn jáde. Kaylin ti la igi rẹ̀ mọ́ òpó, ó ti dá sí méjì, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí n ò lè sọ níwájú ọmọ-ọmọ mi.

"Desjarlais!" kóòsì rẹ̀ ké. "Ìdájí Mọ́ńdè!"

Nígbà tí a tò lẹ́yìn eré láti bọ ara wa lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, kò wò mí.

"Ẹ kú oríire," ó sọ ọ́ láàárín eyín.

"Ṣé inú ń bí ọ ni, ọmọ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀."

Inú mi dùn débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n gbé ọmọ náà pọ̀n.

Arlene dúró lẹ́nu ọ̀nà, eyín rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ya ẹnu láti pè mí, ó pa á dé, ó tún un yà.

"Verna," ó ní.

Mo wẹ̀yìn kí n rí ẹni tí ó ń pè.