Tépù Ọlọ́wọ́ Kan

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, àti nítorí pé ó ti sọ fún wọn pé aránṣọ ni ìyá òun. Orúkọ náà kò bí i nínú. Kékeré labẹ́rẹ́ wà lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun tó ń jẹ ọmọbìnrin náà lọ́kàn ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà ju ìnagijẹ lọ. Ìyá rẹ̀ ni.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló kọlu ìyá náà nígbà tó ku díẹ̀ kí ọmọ wọlé ẹ̀kọ́. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ pátápátá, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà sì di wíwọ́. Ẹnu kò yẹ̀, làákàyè kò yẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni aránṣọ fẹ́ fi ẹnu rán? Bàbá Abẹ́rẹ́ ti kú tipẹ́. Ìyá àti ọmọ nìkan ló ń gbé inú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ìyá náà sì máa ń wá bá wọn dáná.

Ní ilé ẹ̀kọ́, ìṣirò àti ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ti múra sílẹ̀ fún. Àmọ́ olùkọ́ kan wà tí kì í mú ìwé wọlé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ bí ènìyàn ṣe ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ẹnjiníà tó bá jókòó kalẹ̀, tó ń retí ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ wá bá òun, yóò jókòó títí irun rẹ̀ yóò fi funfun. Ó ní wàhálà ọmọ aráyé ni oko àwọn ẹnjiníà, ẹni tó bá sì mọ ibi tó ń dun ènìyàn kò ní fẹsẹ̀ wáṣẹ́ kiri. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbé àbá dìde, bó ti wù kó dùn tó, èsì kan náà ló máa ń gbà: “Ṣé ẹ ti bi wọ́n?” Ni wọ́n bá sọ ọ̀gbẹ́ni náà ní Ṣẹ́-ti-bi-wọ́n. Ó mọ̀ pé orúkọ òun lẹ́yìn òun nìyẹn. Kò ṣe bí ẹni gbọ́.

Iṣẹ́ tó gbé lé wọn lọ́wọ́ ni pé kí oníkálukú wá ẹnì kan tí ìṣòro ń bá fínra, kí ó ṣe nǹkan tí ẹni náà yóò máa lò, kí ó sì wò ó bóyá ẹlòmíràn yóò fẹ́ ra irú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò lọ jìnnà. Ó ti rí i pé ìyá òun kò lè di aṣọ mú kó tún fi ọwọ́ kan náà gé e. Ó wá kan pátákó kan, ó fi irin sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó so ó mọ́ ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nílẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, irin á sọ̀ kalẹ̀, á sì di aṣọ mú gbọin. Lọ́jọ́ tó gbé e délé, ìyá rẹ̀ fara ti tábìlì, ó fi ọwọ́ òsì gé aṣọ kan tààrà níwájú rẹ̀, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ibi ìdáná pé kó wá wo ohun tí ọmọ òun ṣe. Orí Abẹ́rẹ́ wú.

Nígbà tó kan án láti sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ó ní ìyá òun fẹ́ràn pátákó náà gidigidi.

“Ìyá tó bí ọ?” ni olùkọ́ bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Nígbà tí o kò bá sí nílé ńkọ́? Ṣé ó ń lò ó?”

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ jókòó. Lójú tirẹ̀, ọkùnrin yìí fẹ́ pe ìyá òun ní onírọ́ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí olùkọ́ ìṣirò kò wá, ó lọ sílé láìrò tẹ́lẹ̀, ó gba ẹ̀yìn wọlé. Pátákó náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ tí wọ́n ká jọ sì ga lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ mọ́ orí tábìlì. Ó fi eyín di etí aṣọ mú, ó fi àgbọ̀n tẹ ìyókù mọ́lẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ òsì ti sísọ́ọ̀sì lọ díẹ̀díẹ̀. Itọ́ ti rin ibi tí ẹnu rẹ̀ wà lára aṣọ náà.

Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀, ó tu aṣọ náà lẹ́nu. “O tètè dé.”

“Màmá, kí ló ṣe pátákó?”

Ìyá náà kọ́kọ́ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bò ó. Ojú ọmọ kò jẹ́ kó lè ṣe é. Ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún òun kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́, bí òun bá sì fi tòsì tẹ pátákó náà, ọ̀tún kò lè gbé òun dúró. Òun ti ṣubú nídìí rẹ̀ rí.

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“Ojú rẹ ń tàn lọ́jọ́ tí o gbé e wọlé. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ojú rẹ ò tàn bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé èmi ni kí n wá pa á?”

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ láàárín àkísà aṣọ, ó sunkún. Nígbà tó sun ún tán, ó nu ojú, ó sì béèrè ohun tí kò tíì béèrè rí: nínú gbogbo ohun tí àìsàn yìí gbà lọ́wọ́ yín, èwo ló dùn yín jù?

Ìyá rẹ̀ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. “Gígé aṣọ kọ́,” ló wí. “Wíwọn ènìyàn ni.”

Ó wá ṣàlàyé pé ọwọ́ kan kò lè fi tépù yí ìbàdí ènìyàn ká. Tẹ́lẹ̀, bí òun bá ń wọn obìnrin, ìgbà yẹn gan-an ni onítọ̀hún máa ń sọ tọkọ, sọ tọmọ, tí àwọn á jọ rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, wọ́n ń fi aṣọ àti èyí tí wọ́n ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ fún àpẹẹrẹ rán ọmọ wá ni. Wọ́n ń kí òun láti títì, wọ́n ń kọjá lọ.

Láti ọjọ́ náà, tépù ni Abẹ́rẹ́ dojú kọ. Ó gbìyànjú ike, ó gbìyànjú okùn oníràbà, ó gbìyànjú wáyà. Bó bá ti gbé ọ̀kan dé, á dúró gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, ìyá rẹ̀ á wọ̀n ọ́n. Nísinsìnyí ìyá náà kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní èyí ń já ènìyàn jẹ. Ó ní ìyẹn le jù, ṣé ìbàdí ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ni àbí wọ́n fẹ́ fi mú olè? Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbọ́n ìyá náà á fi yọjú. Abẹ́rẹ́ kò mọ̀ nígbà náà pé ìgbà tó dùn jù láàárín àwọn méjèèjì ni wọ́n ń lò yẹn.

Irin pẹlẹbẹ inú tépù káfíńtà ló ṣiṣẹ́ nígbẹ̀yìn. Ó tẹ̀ ẹ́ kó lè máa fúnra rẹ̀ ká, ó sì rán tépù aránṣọ mọ́ ọn lára. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ kan jù ú, á fúnra rẹ̀ yí ìbàdí ká, ẹnu rẹ̀ á sì padà sínú àtẹ́lẹwọ́. Ní yàrá iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ló ti parí rẹ̀, ó sì sáré gbé e délé. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà, gèlè kò sí lórí obìnrin náà. Àìsàn náà ti padà wá láàárọ̀. Wọ́n ti gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù.

Ìyá náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí ọmọ débẹ̀. Abẹ́rẹ́ fi tépù náà sí i lọ́wọ́ òsì, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí. Ìka náà tún là. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìyá náà jáde láyé.

Ṣẹ́-ti-bi-wọ́n wá kí wọn nílé. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, kò béèrè ohunkóhun, ó sì pẹ́ kó tó dìde.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn aṣọ tí wọ́n kó wá fún rírán ṣì wà nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní òun yóò dá wọn padà fúnra òun. Ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ẹni tó máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù jù nínú gbogbo oníbàárà. Ó gbé aṣọ rẹ̀ fún un, ó sì bi í bóyá torí pé Màmá kò lè wọ̀n ọ́n mọ́ ni kò ṣe wọlé mọ́.

“Wíwọ̀n kẹ̀?” ni obìnrin náà wí. “Mo wọlé lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn àìsàn yẹn. Mo rí ọwọ́ náà lórí itan rẹ̀, omi sì lé sí mi lójú. Mi ò fẹ́ kó rí i. Mo ní tí ọkàn mi bá gbà á, màá padà wá.” Ó dojú aṣọ náà bolẹ̀. “Ọkàn mi ò gbà á.”

Ilé kejì, irú ọ̀rọ̀ kan náà. Ilé kẹta, obìnrin ibẹ̀ gba aṣọ rẹ̀, ó fi bojú, ó sunkún.

Ó lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì. Ó ní òun bi ìyá òun, òun kò bi àwọn oníbàárà rẹ̀. Gbogbo àkókò tí òun fi ń tẹ irin kiri, ká ní òun ti lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n wọlé, kí wọ́n sunkún bó bá wù wọ́n, ṣé Màmá kò ní rí wọn kó tó lọ? Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

“Jókòó, ọmọ mi,” ló wí, ó sì fa àga kan sún mọ́ ọn.

Tépù náà wúlò. Ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí rọpárọsẹ̀ bá jà, aránṣọ méjì kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ àléébù rẹ̀, ó tún un ṣe, àwọn mìíràn sì wá ń béèrè. Kó tó bọ́ sí ọdún kejì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ń ṣe é tà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ náà kò mọ ìdí tó fi jẹ́ pé bó bá ti tà á fún ẹnì kan, á béèrè ilé àwọn oníbàárà onítọ̀hún, á sì fẹsẹ̀ rìn lọ bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n má sá fún aránṣọ wọn. Àwọn kan ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n ń padà lọ jókòó ti aránṣọ wọn. Àwọn kan kàn ń mi orí ni, wọn kì í lọ.

Onígbàjámọ̀ kan ló gba ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ àti yàrá ẹ̀yìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kì í gba títì yẹn mọ́; ọkàn tirẹ̀ náà kò gbà á.