Eérú ní Gìgísẹ̀ Ẹtu

Koríko ti hù sínú pálọ̀ Alájà Sìdíkátù. Kì í ṣe koríko ẹ̀yìnkùlé tí èèyàn gbàgbé láti ro, koríko pápá ni, tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó gba abẹ́ àga kọjá, ó sì lọ títí dé ibi tó yẹ kí ògiri ẹ̀yìn wà, ṣùgbọ́n kò sí ògiri kankan níbẹ̀. Ẹnì kan ti fi eérú fa ìlà gba àárín yàrá náà, ìlà náà gun orí rọ́ọ̀gì, ó sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, kò sì sẹ́ni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Sìdíkátù dúró pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́. Kò mọ ìgbà tó gbé e. Ohun tó ń dà á láàmú jù ni pé kò mọ apá ibi tó yẹ kó dúró sí lára ìlà yẹn.

Kí ọkàn yín má bàa dàrú bíi tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé oorun ọ̀sán ló gbé e lọ. Ó ti kí ìrun Àílà tán, ó jókòó sórí àga láti kọ̀wé, bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi sùn. Lọ́jọ́ kejì ni ìlú Ìkìrun fẹ́ ṣí pápá ìṣeré tuntun tí wọ́n fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè. Ràímì ni bàbá náà ń jẹ́, Ẹtu ni gbogbo èèyàn ń pè é nítorí eré sísá, ó sì ti di ọdún mẹ́sàn-án tó ti kú. Ìgbìmọ̀ ní kí ọmọ rẹ̀ dìde, kó ka iṣẹ́ ribiribi tó ṣe nídìí bọ́ọ̀lù sétí ìlú.

Sìdíkátù ti kọ èyí tó rọrùn. Ní 1932, nínú eré tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ gbá fún ẹgbẹ́ ìlú, góòlù mẹ́ta ló gbá wọlé kí wọ́n tó lọ simi, láìwọ bàtà, báńdéèjì nìkan ló wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ní 1934, ó bá akọ̀wé kan tó gun kẹ̀kẹ́ sáré láti ọjà dé ibùdókọ̀ ojú irin, òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri. Ní 1935, nínú òjò, ó gbé bọ́ọ̀lù láti ẹnu góòlù tiwọn dé ẹnu góòlù àwọn ará Òkukù, kò sẹ́ni tó fara kàn án. Gbogbo ìyẹn ń dùn ún kọ. Ọdún 1937 ló dá bírò dúró.

Ọdún yẹn ni Ìkìrun gba ife àgbègbè lọ́wọ́ Ìrágbìjí. Góòlù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jọ ní, eré sì ti fẹ́ parí, nígbà tí Ràímì gbé bọ́ọ̀lù gba apá ọ̀tún, tí Ṣìtú ọmọ Ìrágbìjí ń lé e bọ̀. Bọ́ọ̀lù náà sáré ju Ràímì lọ. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ọmọ ìka fà á padà, ó sì gbá a wọlé. Ṣìtú nawọ́ sókè pé bọ́ọ̀lù ti jáde. Láyé ìgbà yẹn, eérú ilé ìdáná ni wọ́n fi ń fa ìlà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣìtú bẹ rẹfirí pé kó jọ̀ọ́ wo ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí, bí eérú bá wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, a jẹ́ pé òde ni ọmọ ìka rẹ̀ wà, òde náà sì ni bọ́ọ̀lù wà. Àmọ́ kí rẹfirí tó rìn débẹ̀, àwọn obìnrin Ìkìrun ti ya wọ pápá pẹ̀lú ìkòkò omi. Àṣà wọn ni láti fi omi tútù tu ẹsẹ̀ ẹni tó bá ṣẹ́gun lára. Wọ́n da omi sẹ́sẹ̀ Ràímì, ẹsẹ̀ sì mọ́ tónítóní.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Ṣìtú ní Elékèé. Àádọ́ta ọdún ló fi jẹ́ orúkọ yẹn, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí lọ́dún náà pàápàá ń fi pè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ránṣẹ́ sí Sìdíkátù. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní òun á wá síbi ayẹyẹ, òun á jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ka góòlù yẹn, orúkọ òpùrọ́ ni wọn á fi sin òun. Làtífù, alága ìgbìmọ̀, sì ti sọ ọ́ ketekete pé nítorí ife yẹn ni wọ́n ṣe fi orúkọ Ràímì pe pápá. Ibi tí Sìdíkátù ti ń ro ọ̀rọ̀ náà ni oorun ti gbé e.

Bàbá rẹ̀ gba ibi tí ògiri kò sí wọlé. Ìrísí rẹ̀ kò yé ọmọ rẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ló ní, iṣan dì níbẹ̀, báńdéèjì sì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n fìlà àti awò ojú ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló wà lókè. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó tú báńdéèjì, ó sì na ẹsẹ̀ síwájú. Sìdíkátù kúnlẹ̀. Láti kékeré, òun ló máa ń da omi àlùwàlá fún un.

Ẹsẹ̀ òsì ni bàbá kọ́kọ́ nà. Sìdíkátù rán an létí pé ọ̀tún ló máa ń ṣáájú.

“Mo mọ̀, Sìdí. Ọ̀tún ló ṣòro.”

Wọ́n fọ òsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó mọ́. Wọ́n fọ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣì funfun fún eérú. Bàbá tún na ẹsẹ̀ náà. Sìdíkátù dà á lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dà á lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó sọ fún un pé wọ́n ti kọjá iye tó yẹ, bàbá ní kó máa dà á. Láti fi ọ̀rọ̀ pa ẹ̀rù, ó bi í léèrè ìdíje kẹ̀kẹ́ ọjọ́sí. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kẹ̀kẹ́ náà ti gbó, kí ó má fi òun yangàn jù. Ẹ̀rín yẹn jọ ti bàbá gan-an, ó sì ki Sìdíkátù láyà.

“Bàbá, ṣé bọ́ọ̀lù ọjọ́ ife yẹn jáde?”

Bàbá yọ awò ojú.

“Ẹnikẹ́ni kò bi mí rí,” ló wí.

Ó tún na ẹsẹ̀. Sìdíkátù da kẹ́tùlù dé, omi ti tán. Ó wá omi lọ, koríko nìkan ló rí. Nígbà tó yíjú padà, bàbá ti dìde, ó ń fi ọmọ ìka rìn lọ bí ẹni tí kò fẹ́ kí gìgísẹ̀ òun kan ilẹ̀ ẹni. Sìdíkátù pè é. Ohùn ara rẹ̀ ló jí i.

Ògiri wà níbi tó yẹ kó wà. Ó jókòó, kò sì mọ èyí tí òun á gbàgbọ́. Ṣé bàbá ló wá ni, àbí ìdààmú òun ló sọ ara rẹ̀ di bàbá? Bàbá kò sọ pé ó jáde. Kò sì sọ pé kò jáde. Èwo wá ni ká mú nínú èyí? Ó bínú díẹ̀ sí i, bó ṣe ń bínú sí i nígbà ayé rẹ̀ tí kò bá sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà náà ló rántí. Nígbàkigbà tí àlejò bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ife nílé wọn, bàbá á dìde, á ní òun ń lọ wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tó ti so mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n máa ń sọ pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe é, òun náà sì fi ìrẹ̀lẹ̀ náà yangàn níléèwé. Ọdún mọ́kànlélógójì ni òun àti bàbá jọ lò lẹ́yìn ife yẹn kí bàbá tó kú. Sìdíkátù bi í léèrè oúnjẹ, ó bi í léèrè oorun àti oògùn, kò bi í léèyí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹkún gbọ̀n ọ́n níbi tó jókòó, ó káàánú bàbá rẹ̀ ju bó ṣe káàánú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín.

Ó mọ ohun tí Làtífù á sọ. Ó mọ̀ pé orúkọ lè kúrò lára pápá kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ó gbé bírò, ó kọ 1937, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Bọ́ọ̀lù ti jáde. Ṣìtú kò purọ́. Bàbá mi mọ̀, àwa la kò bi í.”

Lẹ́yìn náà ló dìde dúró láàárín pálọ̀, bó ṣe máa dúró níwájú ìlú méjèèjì lọ́jọ́ kejì, ó sì kà á sókè. Ohùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún un kà títí tí kò fi já mọ́.