Ta Ló Ń Jẹ́ "A" Tó Máa Dáná?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ ọ́: alágídí ni mí. Wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ láti kékeré, kò sì tíì pa mí. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí Màmá wa, agídí lásán kọ́ ni mo ṣe. Mo fẹ́ jókòó jẹun ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó bí mi, bí gbogbo ọmọ wọn yòókù. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Iṣẹ́ alásè ni mò ń ṣe. Ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páálí, èmi àti àwọn mẹ́rin kan la máa ń bọ́ òṣìṣẹ́ tó lé ní igba lójoojúmọ́. Bí mo bá fi ojú wo àpò ìrẹsì, mo lè sọ iye àwo tó máa kún. Nítorí náà, nígbà tó ku oṣù kan kí Màmá pé àádọ́rin ọdún, tí àwa ọmọ mẹ́ta jókòó sí pálọ̀ wọn láti ṣètò oúnjẹ, èmi ni wọ́n ní kí n ṣírò rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé kí n tó kúrò nílé.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ló gba ìwé náà. Alága là ń pè é, nítorí kò sí ibi tí èèyàn méjì jókòó sí tí kò ní fẹ́ darí. Ó wọ jígí, ó wúkọ́. Àbúrò wa obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, jókòó sí òdìkejì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Màmá ń sùn ní yàrá, tàbí wọ́n ń díbọ́n pé àwọn ń sùn.

"Ogójì èèyàn," ni Alága kà. "Ogójì péré?"

"Ogójì ni Màmá sọ, Bọ̀dá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ojú gbogbo ẹni tó bá wọlé."

"Ó dáa. Ìrẹsì, adìyẹ, ẹja, ewébẹ̀, ohun mímu, àga, yìnyín, gáàsì, bébà ìnuwọ́..." Ó dúró. "Kí lèyí? Owó alásè?"

"Owó alásè ni."

Ó yọ jígí rẹ̀. "Àbí orí ẹ ti dàrú ni? Ilé tí alásè wà la tún ti ń lọ háyà alásè?"

"Ẹ kà á dópin ná."

"Mi ò ka nǹkan kan. Bíírò dà?" Ó fa ìlà gbọọrọ sórí ọ̀rọ̀ náà. "A ó sè é fúnra wa. Owó yẹn á bọ́ ogún èèyàn mìíràn. Àwọn ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ gan-an ń bọ̀."

"Àwọn ọ̀gá yín, ẹni mélòó ni wọ́n?"

"Ẹnì kan ni! Ṣé o fẹ́ kí n máa pe ọ̀gá mi ní 'ó' ni?"

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi. Ẹ ẹ̀ wá wo nǹkan! Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bọ̀ wá jẹun, ó di "wọn". Èmi nìkan tí mo máa sè é, mo di "a". Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti ń gbọ́ "a" yìí. A ó tètè jí. A ó sè é. A ó fọ abọ́. Nígbà tí Alága kó lọ sílé tuntun, a sè é. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gba ìwé ẹ̀rí, a sè é. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn méjèèjì kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú kíṣìnnì Màmá títí di òní.

"Bọ̀dá," mo ní, "ta ló ń jẹ́ 'a'?"

"Àwa náà ni. Àwa ọmọ Màmá."

"Ẹ̀yin lẹ máa bó àlùbọ́sà?"

"Èmi? Èmi tí mo máa kí àlejò káàbọ̀?"

"Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo máa dúró ti ẹja nínú òróró gbígbóná?"

"Àǹtí, ẹ mọ̀ pé èéfín ò bá mi lára mu," ni àbúrò mi wí, ó sì ju ẹ̀pà sẹ́nu.

"Ẹ ò rí i? 'A' ti tán. Ó ku èmi."

Alága wá rẹ ohùn sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ fi oyin sí ọ̀rọ̀. "Gbọ́, àbúrò mi. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ọwọ́ ẹ yẹn. Ṣé èèyàn máa ń gba owó ẹ̀bùn lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ni?"

"Gáàsì tó ń jó, ẹ sanwó ẹ̀. Èmi tí mò ń jó nídìí gáàsì wá di ẹ̀bùn. Ó dáa, ẹ lọ bẹ ẹni tó ń ta gáàsì kó fi tiẹ̀ náà ṣe ẹ̀bùn."

Mo mọ̀ pé mo lè san owó alásè náà lápò ara mi kí ilé sì tòrò. Mi ò ṣe é. Bí mo bá san án nìkan, á jẹ́ pé mo ń ra ara mi padà lọ́wọ́ wọn, mi ò sì rántí ọjọ́ tí mo ta ara mi. Mo gba bíírò, mo tún "owó alásè" kọ gàdàgbà sísàlẹ̀ ìwé, mo sì pín gbogbo owó náà sọ́nà mẹ́ta ọgbọọgba. Mo ní ogójì ni, alásè wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ọgọ́ta kó lọ wá ẹlòmíràn tó máa bá a ṣírò.

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti yé mi," ló wí. Ó yẹ kí n ti bẹ̀rù ẹ̀rín yẹn.

Mo lọ bá Ìyá Ṣíbí, obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ní iléeṣẹ́ páálí kó tó fẹ̀yìn tì. Ṣíbí ńlá kan ló fi ń bu oúnjẹ níbikíbi tó bá ti sè. Ṣíbí méjì, èèyàn kan. Kì í lé, kì í dín, ìdí nìyí tí oúnjẹ rẹ̀ kì í fi í tán mọ́ àlejò lójú. Mo fún un ní ìdajì owó rẹ̀. Nítorí pé ilé Alága sún mọ́ ti Màmá, mo fún Alága ní nọ́ńbà obìnrin náà kó lè júwe ọ̀nà fún un. Àfọwọ́fà ni.

Lọ́jọ́ Sátidé tá à ń wí yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo dé ilé Màmá. Aago méjì là ń retí àlejò. Aṣọ tuntun ni mo wọ̀, aláwọ̀ búlúù. Mo ti sọ fún télọ̀ kó jẹ́ kí ọwọ́ aṣọ náà fún mọ́ ọrùn ọwọ́ mi pinpin, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kí n ká a sókè.

Mo yọjú sí kíṣìnnì. Ìrẹsì wà nínú àpò. Adìyẹ wà nínú agbada, ó ti yọ́ tán, omi rẹ̀ ń kán sílẹ̀. Àlùbọ́sà wà nínú apẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ò tíì rí ọ̀bẹ. Kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀.

"Ìyá Ṣíbí ńkọ́?" mo bi àbúrò mi. Ó ń wo ilẹ̀.

Alága ló dáhùn, nínú aṣọ funfun gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan. "A ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu mọ́."

"'A' wo?"

"Èmi ni. Lánàá. O ti dé báyìí, àbí o ò tíì dé? Aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Wá nǹkan so mọ́ra, kóo bọ́ sídìí iná. Ọgọ́ta èèyàn ló ń bọ̀ o."

Mo pe Ìyá Ṣíbí. Mò ń gbọ́ híhó ìkòkò lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n ẹ ní ẹ ti rí ẹni tó máa sè é, mo bá gba iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ó ti wà lórí iná bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí. Owó ẹ wà lọ́wọ́ mi, wá gbà á."

Mo wọ pálọ̀ lọ, mo fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo jókòó, mo fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Alága ló tẹ̀ lé mi wọlé.

"Mo jókòó ni."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ẹ ní a ó sè é. Ẹ pe 'a' kó wá."

Ilé dàrú. Alága pariwo, ó ní ṣé mo fẹ́ dójú ti Màmá lọ́jọ́ tí wọ́n pé àádọ́rin ọdún ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò ní parọ́. Àbúrò mi kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú. Lẹ́yìn tòní, a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Mo ní kó dìde, kó má fi aṣọ rere nulẹ̀ lásán.

Ìgbà yẹn ni Màmá fi ọwọ́ ti apá àga, tí wọ́n dìde pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. "Ẹ má jà," ni wọ́n wí. "Màá sè é. Ṣebí ìrẹsì náà ni."

Ká ní nǹkan kan wà tó lè ṣẹ́gun mi lọ́jọ́ náà, òun nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀. Ara mi ti ń lọ sí kíṣìnnì kí n tó mọ̀. Ta ló fẹ́ wo ìyá ẹ̀ kí wọ́n máa bó àlùbọ́sà lọ́jọ́ ọlá ara wọn? Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá dìde lónìí, mi ò ní jókòó mọ́ láéláé. Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Màmá, ẹ dúró. Ẹ wo àwòrán tó wà lára ògiri yẹn."

Àwòrán ọjọ́ ìbí Bàbá wa tó kẹ́yìn ni, nínú pálọ̀ yìí kan náà. Bàbá wà láàárín, gbogbo ilé rọ̀gbà yí wọn ká.

"Ẹ ka àwọn ọmọ yín níbẹ̀."

Wọ́n wò ó. "Alága rèé. Nọ́ọ̀sì rèé." Wọ́n sún mọ́ ògiri. "Ìwọ dà?"

"Mo wà ní kíṣìnnì, mò ń bu ìrẹsì. Nígbà tí mo fi máa jáde, ẹni tó ń ya fọ́tò ti lọ. Bàbá ò sì lo ọdún kan sí i. Kò sí ọjọ́ ayọ̀ kan tí èmi pẹ̀lú wọn jọ jókòó. Mi ò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún èmi àtẹ̀yin. Ẹ bínú sí mi, Màmá, ẹ bú mi bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ yín ni mo máa wà lónìí. Bó bá jẹ́ ìrẹsì tútù la máa jẹ, ibí yìí ni màá ti hó o jẹ."

Màmá wo àwòrán náà pẹ́. Wọ́n padà wá jókòó.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ni wọ́n sọ fún Alága, "bọ́ aṣọ ńlá yẹn. Lọ bó àlùbọ́sà."

"Màmá, èmi kẹ̀?"

"Ọwọ́ méjì ni mo bí mọ́ ẹ. Àbí ọ̀kan ti já?"

Ó bọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, èéfín dé, èéfín ò dé. Láìpẹ́ mo gbọ́ tí Alága ń pe ogún èèyàn tó fi kún un lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í jì, ibi tí wọ́n máa jókòó sí ló kéré. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ nìkan ni kò gbé fóònù. Nígbà tí wọ́n dé laago kan, tí wọ́n bá Alága tó ń sunkún àlùbọ́sà, ṣe ni wọ́n ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ adìyẹ.

Aago mẹ́rin ni oúnjẹ jáde. Kí n má tan yín, kò dáa. Ìrẹsì jóná nísàlẹ̀, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ lókè. Ogójì èèyàn àtàwọn ọ̀gá Alága jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó kú. Alága fúnra rẹ̀ ló gbé àwo tèmi àti ti Màmá wá, ojú rẹ̀ pọ́n kuku. Mo kí i, ẹ ṣeun Bọ̀dá. Ó padà sí kíṣìnnì. Mo bu ṣíbí àkọ́kọ́, mo rọra jẹ ẹ́, iyọ̀ ti pọ̀ jù, ó sì dùn mọ́ mi.

Màmá gé ẹja tó tóbi jù nínú àwo wọn, wọ́n gbé e sínú tèmi.

"Màmá, mi ò kì í jẹ ẹja."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí eegun ẹja ti há mi lọ́fun. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà."

"Ìwọ tí ò ń dín ẹja fún gbogbo wa?"

"Mò ń dín in. Mi ò tíì jẹ ẹ́ láti ìgbà yẹn."

Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ń wo ẹnu mi. "Ọmọ tí mo bí," ni wọ́n wí, "mi ò mọ ohun tó ń jẹ."

Mo lè sọ pé kò tó nǹkan. Mi ò sọ ọ́, nítorí ó tó nǹkan. "Ẹ ò ráyè rí mi níbi tí mo ti ń jẹun ni, Màmá," mo ní.

Omi lé sójú wọn. Wọ́n yọ ẹja náà kúrò, wọ́n fi itan adìyẹ tiwọn rọ́pò rẹ̀. Wọn ò tún jẹun mọ́, ṣe ni wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ.

Ìgbà yẹn ni ohùn Alága bú jáde láti kíṣìnnì: "Ìwọ ọmọ yìí! Tètè wá wo ìkòkò kejì yìí, ó ti ń jóná o!"

Ara mi fò sókè fúnra rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀. Wọ́n yí ojú sí kíṣìnnì, wọ́n sì gbé ohùn sókè débi pé gbogbo àlejò dákẹ́.

"Pa iná ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ń jẹun."