Ohùn Láti Orí Òkè Patti

"Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ará Kàdúná," Sálómè wí, ó sì tẹ ẹ̀rọ tó fi bo etí mọ́rí dáadáa. "Irọ́ ni. Ohùn ọ̀tá ni."

Jímọ̀, ṣọ́jà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, sáré sún mọ́ ọn. Ọdún kejì ogun abẹ́lé nìyẹn, àwọn ológun pa àgọ́ sórí òkè Patti ní Lọ́kọ́ja, wọ́n ri òpó wáyà mọ́ ọn. Iṣẹ́ Sálómè níbẹ̀ ni kí ó máa tẹ́tí sí rédíò àwọn ọ̀tá. Ọmọ Kàbà ni, ṣùgbọ́n Enúgu ló ti ṣiṣẹ́ tẹlifóònù kí ogun tó lé e wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú ìlú yìí, ó sì gbọ́ Ìgbò bí ẹní mumi. Àmọ́ ohun tó ń gbọ́ lọ́sàn-án yìí kì í ṣe Ìgbò. Yorùbá ni, Haúsá tẹ̀ lé e, Nupe tẹ̀ lé ìyẹn. Ọkùnrin náà ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé òun ń sọ̀rọ̀ láti Kàdúná, pé bàlúù ọ̀tá ń bọ̀ wá ju bọ́ǹbù sí Lọ́kọ́ja kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní wọ́n ti ri bọ́ǹbù mọ́ ọ̀nà Kàbà àti ọ̀nà Òkéné, odò nìkan ló kù tí èèyàn lè gbà sá.

Ọ̀gá àgọ́ náà, Mákánjúọlá, ọmọ Yàgbà, mú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ó wo odò nísàlẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ètekéte ọ̀tá ti yé òun. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ń kó ṣọ́jà àti ohun ìjà bọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ọkọ̀ kéékèèké bá kún ojú odò bámú, ọkọ̀ ńlá náà kò ní ríbi gbà. Ó na awò náà sí Sálómè. Odò kún dẹ́nu, ó pọ́n bí amọ̀, àwọn èèyàn sì ń já lu ọkọ̀ bí ìgbà tí èèrà bo ṣúgà. Ọkọ̀ kan ti dojú dé. Àwọn apẹja ń fa èèyàn yọ nínú omi.

Sálómè fi awò wá òrùlé ilé wọn. Ìyá rẹ̀ wà nílé wọn lẹ́yìn gbàgede Paparanda, rédíò kì í sì í kúrò ní etí ìyá yẹn lọ́sàn-án. Kò mọ̀wẹ̀.

Ọ̀gá ní kí Jímọ̀ fi ariwo bo ohùn náà. Jímọ̀ yí ẹ̀rọ síbi tí ọ̀tá ti ń sọ̀rọ̀, kíá ni gbogbo rédíò ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣáà bí epo gbígbóná tí omi ta sí. Inú wọn dùn, Jímọ̀ tilẹ̀ ń fò sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá tún gbé awò sójú, àwọn tó ń sá lọ sódò ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Sálómè ló kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Àwọn èèyàn ti rò pé bọ́ǹbù ti bọ́ sórí ilé rédíò Kàdúná ni.

"Kí àwa náà pa irọ́ tiwa," ọ̀gá wí. "Sọ fún wọn pé a ti já bàlúù náà lulẹ̀, pé òkú ẹni tó wà á wà ní Paparanda, kí wọ́n wá wò ó."

"Tí wọ́n bá dé Paparanda tí wọn ò bá òkú kankan ńkọ́, sà? Wọn ò ní gba ohun tí a bá tún sọ gbọ́ mọ́."

Sálómè kò dúró gbọ́ èsì. Ó fa gbohùngbohùn sọ́dọ̀, ó ní kí Jímọ̀ pa ariwo náà. Jímọ̀ wo ojú ọ̀gá. Ọ̀gá mi orí pé kó ṣe é.

"Ẹ̀yin ará Lọ́kọ́ja, ọ̀kún o. Èmi Sálómè ni, ọmọ Ìyá Bámiṣayé ti ẹ̀yìn Paparanda. Orí Patti ni mo wà. Ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí òpó wa. Mò ń wo ojú ọ̀run, kò sí bàlúù kankan níbẹ̀. Bó bá ń bọ̀, àwa tá a wà lókè ni yóò kọ́kọ́ bá. N ò lè ṣèlérí ti ọ̀la fún yín, ti ìsinsìnyí ni mò ń sọ. Ọ̀nà Kàbà là, ọkọ̀ ti ibẹ̀ wọlé láàárọ̀ yìí. Odò yìí ló lè pa yín. Ìyá mi, bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò mọ̀wẹ̀."

Ó tún un sọ ní Haúsá. Jímọ̀ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Nupe gba gbohùngbohùn, ó sọ ọ́ ní Nupe. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kò mú awò kúrò lójú. Ọkọ̀ kan yí orí padà sí èbúté. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni odò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo bí ọjà tó ń tú, ọkọ̀ ńlá náà sì kọjá láàárín rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Jímọ̀ gbé Sálómè sókè, ó ń yí i kiri nínú àgọ́, ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Nígbà tí Sálómè délé, ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun kan ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tí rédíò tí ọkùnrin kan gbé kọ́ èjìká ń pe òun, àti pé ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí òun sọ̀ kalẹ̀, kí òun lọ jẹ́ ìpè ọmọ òun.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá gun òkè dé tayọ̀tayọ̀. Ó ní àwọn àgbà ológun ti gbọ́, wọ́n ní ohùn Sálómè ju ìbọn ńlá lọ. Iṣẹ́ tuntun ti dé. Kí ó bá àwọn obìnrin òdì kejì sọ̀rọ̀ ní Ìgbò, àwọn tí wọn ò tíì fi iyọ̀ kan ẹnu láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ó ní kí wọ́n jáde sí oríta kan wá gba iyọ̀. Bí èrò bá ti kún ọ̀nà náà, ṣọ́jà ọ̀tá kò ní ríbi kọjá.

Sálómè gbọ́ ọ tán. "Ṣé iyọ̀ wà níbẹ̀, sà?"

Ọ̀gá wo Jímọ̀. Jímọ̀ wolẹ̀.

"Ogun la wà, Sálómè."

"Mo mọ̀, sà. Iyọ̀ ni mo béèrè."

Atẹ́gùn ń mi aṣọ àgọ́.  Sálómè rọra ti gbohùngbohùn náà sí iwájú ọ̀gá.

"Bí iyọ̀ bá ti dé oríta yẹn, sà, kí ẹ pè mí. N ó sọ fún wọn."

Ó fi ẹ̀rọ bo etí, ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ́tí.