Ìyá Àjọkẹ́ Lójú Oorun

Ohun tí ojú Rẹnáátò bá rí ni ọwọ́ rẹ̀ ń yà. Ní Túrínì, ìlú tí wọ́n bí i sí ní Ítálì, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ló máa ń yà, tòun ti àárẹ̀ ojú wọn. Kì í bu ẹwà kún ẹnikẹ́ni, kì í sì í bù ú kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn olówó kò fi fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Bernice, ìyàwó rẹ̀, mú un wá kí ìyá rẹ̀ ní Ìlá, àwọn ẹbí ní kó ya ìyá àwọn. Ìyá Àjọkẹ́ wọ òfì, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Kí Rẹnáátò tó po ọ̀dà tán, oorun ti gbé ìyá lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́. Rẹnáátò kò jí i. Ó ya ẹnu tó là díẹ̀, ó ya gèlè tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán náà ní pálọ̀, Ọlálérè, àkọ́bí ìyá, fò dìde.

"Bernice, kí ni ọkọ rẹ yà yìí? Ṣé ìyá wa ti kú ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Wọ́n ń sùn ni."

"Kó la ojú wọn!"

Bernice túmọ̀ rẹ̀. Rẹnáátò mi orí.

"Ojú wọn kò là lórí àga yẹn," ló sọ lédè rẹ̀. "Bí mo bá là á, irọ́ ni mo pa."

Bernice túmọ̀ ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ di ariwo. Kò sẹ́ni tó bi ìyá léèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde, ó tẹjú mọ́ àwòrán náà.

"N kò rí bí mo ṣe ń sùn rí láyé mi," ló wí. "Bàbá yín nìkan ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti lọ. Wọ́n máa ń ní mo ń lanu, mo máa ń bá wọn jà pé irọ́ ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé e lọ sí yàrá mi."

Nígbà tí Bernice túmọ̀ ìyẹn, Rẹnáátò yíjú padà sí àwòrán náà. Àwọn tó ti ń yà látẹ̀yìnwá, ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa ara wọn ló ń fi hàn wọ́n; ti ìyá yìí yàtọ̀.

Òun àti Bernice ló gbé àwòrán náà kọ́. Ọlálérè kò bá wọn fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà yàrá ló ti ń kí ìyá rẹ̀ káàárọ̀.