Iwe Adìẹ Ní Chwele

Naliaka ti kìlọ̀ fún Wekulo pé kí wọ́n tètè kúrò ní Eldoret. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa tírélà, tó sì fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, kò tún gbà kí ẹnikẹ́ni kán òun lójú mọ́. Wọn ò tíì dé Chwele tó ti ní kí mátátù, ọkọ̀ akérò tó gbé wọn, já àwọn sílẹ̀, pé ẹsẹ̀ ló wu òun láti rìn. Ó ra ìrèké, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ó dúró wo àwọn tó ń ná màlúù lọ́jà bí ẹni tó fẹ́ rà.

“Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń retí wa?” Naliaka bi í.

“Òkè Elgon náà ń retí mi. Jẹ́ kí n kí i ná.”

Inú ń bí Naliaka, ẹ̀rín sì ń pa á. Ohun tó fẹ́ràn lára ọkùnrin náà gan-an nìyí, pé ara rẹ̀ balẹ̀. Ọkàn tirẹ̀ ni kò balẹ̀. Ọ̀dọ̀ Mayi Nabwile, ìyá Simiyu ọkọ rẹ̀ tó kú, ni wọ́n ń lọ. Wekulo fẹ́ fi í ṣaya, òun náà sì fẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ gbàyè lọ́wọ́ ìyá arúgbó, ṣùgbọ́n ìyá yìí ló bá a tọ́ àwọn ọmọ, àyà rẹ̀ ló sunkún sí nígbà tí Simiyu kú. Bí Mayi bá kọ̀, kò ní lè fẹ́ Wekulo. Ó mọ ara rẹ̀.

Mayi kò sì ní fẹnu sọ ọ́. Iwe adìẹ ni yóò fi sọ ọ́. Láàárín àwọn ẹ̀yà Bukusu tí wọ́n ti wá, baálé ló ń jẹ iwe adìẹ, obìnrin kì í fẹnu kàn án. Látìgbà tí Simiyu ti kú, adìẹ kádìẹ tí Mayi bá pa, á bo iwe rẹ̀ sínú abọ́ kékeré, á gbé e lọ fún àbúrò Simiyu ní ilé kejì. Bí abọ́ yẹn bá tún gba ọ̀nà ibẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé?” Mayi kí wọn lẹ́nu ọ̀nà. “Adìẹ tí mo pa ti fẹ́ jí.”

Ó wo Wekulo látòkè délẹ̀. “O mà sanra o.”

“Ìjókòó ni, Mayi. Ìdí ọkọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rù.”

Mayi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mu tíì oníwàrà lábẹ́ igi píà, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò àti àgbàdo. Nígbà tó yá, oorun gbé Wekulo lọ sórí àga, ó ń hanrun. Ojú ti Naliaka, ó fẹ́ jí i.

“Fi í sílẹ̀,” Mayi ní. Ó tẹjú mọ́ ọkùnrin náà fún ìgbà pípẹ́. “Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin ti sùn nílé yìí.”

Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, Mayi gbé abọ́ kékeré tó dé lómorí, ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà dúró, ó ń wo ilé kejì.

“Orúnkún ń dùn mí,” ó ní. “Ibẹ̀ ti jìnnà jù.”

Kò jìnnà rárá. Wọ́n ń gbọ́ rédíò ibẹ̀ látibi tí wọ́n jókòó sí. Ó padà, ó gbé abọ́ náà síwájú Wekulo, omijé sì dé ojú Naliaka.

Ọmọ Bukusu ni Wekulo, ó mọ ohun tí wọ́n gbé fún un. Ó gé iwe náà sí méjì, ó fi ìdajì sórí ọkà Mayi.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Ta ló ti ń ṣe baálé ilé yìí látìgbà tí ọmọ yín ti lọ, Mayi?”

Mayi wo ìdajì iwe náà. Ó nu ọwọ́ mọ́ra, ó fi iwe náà sẹ́nu, ó rọra ń jẹ ẹ́.

“Ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún wa látọjọ́ yìí nìyí?”

“Òun ni, Mayi.”

“Ó le bíi bàtà.” Ó gbé e mì, ó sì na ọwọ́ sí Wekulo. “Ìdajì yòókù dà?”

Wekulo fún un. Naliaka ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí ì bá fi sílẹ̀.

“Bí ìwọ àti ìyàwó rẹ bá tún ń bọ̀,” Mayi ní, ẹnu rẹ̀ kún, “adìẹ méjì ni kí ẹ mú wá.”